Àbúrò mi mọ ìdọ̀bálẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ní kò mọ ènìyàn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá:

Mo kí gbogbo ilé, àgbà àti ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá síwájú yín. Ẹni ọdún 22 ni. Ó ti gba ìwé ẹ̀rí OND, ṣùgbọ́n nígbà tí kò rí iṣẹ́ tó wù ú, òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ọkùnrin, kí òun lè dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tó bá yá. A mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan níbí ní Ìbàdàn, a tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún 3, a san owó ìkọ́ṣẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtara.

Láìpẹ́ yìí ni ọ̀gá náà pè mí lórí fóònù. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ọwọ́ ọmọ náà yá, àti pé kò pẹ́ rárá tó fi mọ máṣíìnì í tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé bí kò bá yí ìwà padà, òun yóò dá a padà fún wa. Mo bi í bóyá kì í kí àgbà ni. Ó ní rárá o, pé bí òun bá ti wọlé láàárọ̀, gbalaja ló máa ń dọ̀bálẹ̀ kí òun, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe fún àwọn oníbàárà tó bá wọ agbádá wá.

Ibi tí wàhálà wà ni ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ọmọ ọdún 17 ni ọmọ iṣẹ́ àgbà ṣọ́ọ̀bù náà. Kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì ti lé ní ọdún méjì tó ti wà níbẹ̀. Bí ó bá rán àbúrò mi níṣẹ́, àbúrò mi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí ó bá ń fi nǹkan hàn án, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi dá a lóhùn níwájú àwọn ènìyàn, nígbà tó mọ̀ dájú pé ọmọ náà kò gbọ́ ọ. Ó ń pe ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó lè bí i lọ́mọ, ní "Ẹlẹ́wà, mú ṣéńjì mi wá." Èyí tó wá bí ọ̀gá nínú jù ni pé lọ́jọ́ kan tí ọmọ iṣẹ́ àgbà gé apá aṣọ kan kúrú, àbúrò mi ló pariwo rẹ̀ sí etí oníbàárà tó ni aṣọ.

Mo bá a sọ̀rọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òun kò bú ẹnikẹ́ni, àti pé òun kò lè máa sọ "ẹ" fún ọmọ tí òun fi ọdún 5 jù lọ. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án, n kò sì fẹ́ mú un kúrò níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Aláṣọ Gbági:

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá, ẹ kú ìdààmú o. Gbági Tuntun ni mo ti ń tajà, ojoojúmọ́ sì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ń wá ra síìpù, òwú, bọ́tìnì àti láínìn lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí. Ọmọ iṣẹ́ tó bá dé, tó kí èmi, tó kí ọmọbìnrin tó ń bá mi tajà, tó sì kí alábàárù tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bí owó ọwọ́ rẹ̀ bá dín díẹ̀, n óò ní kí ó máa kó ọjà lọ, kí ó mú ìyókù wá lọ́jọ́ mìíràn. Èyí tó bá fo àwọn méjì yẹn dá, tó wá dọ̀bálẹ̀ fún èmi nìkan, n kì í tà á láwìn fún un, nítorí mo mọ̀ pé ọjà mi ló ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ìyá náà dàgbà jù ú lọ, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé kí ó má kí i. Kí ó kí i dáadáa láàárọ̀ kí ó tó béèrè ẹ̀wà, kí ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gba ṣéńjì rẹ̀. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn lọ dá aṣọ, ẹnu ìyá náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti ń gbọ́ irú ènìyàn tó wà níbẹ̀.

Ọmọ Òde Òní:

Ẹ má bínú sí mi o. Ọmọkùnrin yìí kò fi gbogbo ara jẹ̀bi. Ó yẹ kí ó kí ìyá ẹlẹ́wà dáadáa, n kò jiyàn ìyẹn, kò sì yẹ kí ó tú àṣírí ṣọ́ọ̀bù fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́ títí di òní, ẹni tó bá juni lọ ni à ń sọ "ẹ" fún. Ẹni ọdún 17 ni ó yẹ kí ó máa sọ ọ́ fún ẹni ọdún 22. Bí a bá wá yí i padà nítorí máṣíìnì, àṣà wo gan-an ni a sọ pé a ń kọ́ ọmọ náà?

Ìyàwó Ilé Abẹ́òkúta:

Ọmọ Òde Òní, ẹ kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì àṣà ni ẹ sọ. Ìdajì yòókù wà lọ́wọ́ àwa ìyàwó.

Lọ́jọ́ tí ìyàwó bá wọ ilé ọkọ, gbogbo ọmọ tí a ti bí sínú ilé náà ṣáájú ọjọ́ yẹn ti di ọkọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Kì í pè wọ́n lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wo ìrísí tàbí ìṣe ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì máa pè wọ́n ní Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Ẹyinjúẹgẹ́, Akọ̀wé àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó gbàgbé pé òun jù wọ́n lọ lọ́jọ́ orí. Ilé ni wọ́n fi ṣáájú rẹ̀. Bákan náà ni ilé olórogún: ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé ni ìyálé, kódà bí ìyàwó kejì bá dàgbà jù ú lọ. Ẹ rí i pé ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà ka ipò, ọjọ́ orí àti ọjọ́ ìwọlé, a kì í sì í fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ọjọ́ ìwọlé ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, òun gan-an ni kò tẹ̀lé àṣà.

Nígbà tí èmi wọ ilé ọkọ, ìyá ọkọ mi kò fi ipá mú mi pe ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ó kàn bi mí pé kí ni n óò máa pe àbúrò ọkọ mi tó kéré jù, ó sì fi mí sílẹ̀ kí n lọ ro ó. Kí n tó lè wá orúkọ dáadáa fún ọmọ náà, mo ní láti kọ́kọ́ fara balẹ̀ wò ó, kí n mọ ohun tó dára lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé eyín rẹ̀ funfun, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn nínú ilé, òun ló ń kọ́kọ́ béèrè bóyá onítọ̀hún ti jẹun. Bí mo bá ti ń pè é lórúkọ ni, n kò ní wò ó tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bi àbúrò yín pé kí ni yóò máa pe ọmọ iṣẹ́ àgbà náà. Ẹ má bá a wá orúkọ ọ̀hún.

Ọ̀dọ́ Télọ̀ Òṣogbo:

Kò pẹ́ tí mo ṣe fìrídọ̀ọ̀mù, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà lára mi. Ohun tí àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ rí kì í mọ̀ ni pé ọ̀gá kọ́ ló ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ń wọn oníbàárà, ó ń gé aṣọ, ó tún ń bá àwọn tí aṣọ wọn kò tíì ṣe tán lọ́jọ́ tí a dá fún wọn ṣàlàyé. Ọmọ iṣẹ́ àgbà ló ń fi ọwọ́ ẹni lé máṣíìnì. Òun ló ń pín iṣẹ́: ta ni yóò lọ aṣọ, ta ni yóò ká òwú sí bóbìnì, ta ni yóò kan bọ́tìnì, ta ni yóò ṣẹ́ etí aṣọ, ta ni ó tó kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ṣòkòtò. Láti ṣòkòtò ni a ti ń bọ́ sí bùbá, láti bùbá sí kaftan, agbádá a sì wá gbẹ̀yìn. Gígé aṣọ gan-an ni ìdí iṣẹ́. Ẹni tó bá ń bá ọ̀gá gé aṣọ lè pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kí ó wá wo bí a ṣe ń yọ ọrùn, ó sì lè dúró títí tonítọ̀hún yóò fi lọ pọn omi kí ó tó gbé sísọ́ọ̀sì.

Mo mọ ẹnìkan tó yára lórí máṣíìnì ju gbogbo wa lọ, tó sì ń kẹ́gàn ẹ̀gbọ́n ṣọ́ọ̀bù wa. Kò sí ẹni tó bá a jà, kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n kàn ń gbé bọ́tìnì fún un ni. Nígbà tó ṣe fìrídọ̀ọ̀mù, kò lè dá gé ọrùn agbádá.

Olùkọ́ Tó Fẹ̀yìntì:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún ohun kan. Bí a bá lọ sọ fún ọmọkùnrin yìí pé kí ó bọ̀wọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ àgbà kí wọ́n má baà fi iṣẹ́ pamọ́ fún un, tí a sì sọ fún un pé kí ó kí ìyá ẹlẹ́wà nítorí pé òun ló ń sọ nípa ṣọ́ọ̀bù fún àwọn oníbàárà, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni a tún ń kọ́ ọ. Ṣebí ó ń dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn alágbádá? Ó mọ ẹni tí nǹkan lè ti ọwọ́ rẹ̀ wá. A óò kàn fi ènìyàn méjì kún àwọn tó ń wojú wọn ni, lọ́jọ́ tí òun náà bá sì di ọ̀gá, tí kò wojú ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò fojú winá.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì rí irú ọmọ báyìí púpọ̀. Ẹni tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí ẹni tí kò gbọ́ ọ, ìtìjú ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó jáde pólì, tó gbà pé ọ́fíìsì ni gbogbo ẹgbẹ́ òun wà báyìí, ló wá di ìgbálẹ̀ mú láàárọ̀ kùtùkùtù, tí ẹni tí kò wọ kíláàsì girama rí sì ń sọ fún un pé ibi tó gbá yẹn kò mọ́. Gẹ̀ẹ́sì yẹn nìkan ni aṣọ tó kù tó lè fi bo ara rẹ̀. Bí ẹ bá fà á ya láìfún un ní òmíràn, yóò sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà ni, ẹ óò sì máa rò pé agbéraga ni.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀ ìwà, ẹ kọ́kọ́ bi í bí iṣẹ́ náà ti rí lára rẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dé òpin, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí ó máa bi ọmọ iṣẹ́ àgbà ní ìbéèrè kan lójoojúmọ́, ìbéèrè tòótọ́ tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀, kí ó sì fi Yorùbá bi í. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìdáhùn tó wúlò láti ẹnu ẹnìkan lójoojúmọ́, ó ṣòro fún un láti máa fojú ọmọdé lásán wò ó. N kò sì fara mọ́ kí ẹ kó àwọn àgbà ẹbí jọ lé e lórí láti wàásù. Yóò máa sọ pé "ẹ ṣé, sà" títí ẹ óò fi túká, kò sì ní gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà:

Kí a tó tẹ̀ síwájú, mo ní ìbéèrè kan: irú iṣẹ́ wo ni ọmọ iṣẹ́ àgbà náà ń rán an? Mo béèrè nítorí pé mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi orúkọ ọ̀wọ̀ bo ìmúnisìn mọ́lẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà gba òbí láàyè láti fi ọmọ tó ti lé ní ọdún 12, tí kò tíì pé 16, sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, fún àkókò tí kò gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Àbúrò yín ti kọjá ọjọ́ orí yẹn, ṣùgbọ́n òye tó wà nídìí òfin náà ṣì kàn án: àdéhùn ló ń sọ ohun tí ọmọ iṣẹ́ jẹ ilé iṣẹ́, kì í ṣe ìbínú ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ ka tiyín dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹnìkejì pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún 17 tó ti lo ohun tó lé ní ọdún méjì, a jẹ́ pé ọmọ ọdún 14 tàbí 15 ni nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, nígbà tí àwọn ojúgbà rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ibi tó dúró sí lónìí, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá a.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá:

Ẹ ṣeun, Agbẹjọ́rò. Omi, òwú, àti èédú áyọ́ọ̀nù nígbà tí kò bá sí iná ni ó ń rán an. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ní kí ó bá òun fọ aṣọ ara òun, àbúrò mi sì kọ̀.

Agbẹjọ́rò Ìkẹjà:

Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ èyí tó kẹ́yìn yẹn, bí ó bá ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ̀ ọ́. Àwọn tó kù, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni.

Ahunṣọ Ìṣẹ́yìn:

Nídìí òfì wa ní Ìṣẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn ọmọ tí a bí sídìí rẹ̀ ti ń ká òwú kí wọ́n tó mọ ìwé kà, nígbà tí àwọn mìíràn ń ti ilé ẹ̀kọ́ gíga bọ̀ wá kọ́ ọ. Ẹ óò rí onírùngbọ̀n tó jókòó ti ọmọ kékeré, tí ọmọ náà ń tọ́ka sí ibi tí òwú rẹ̀ ti já. Ẹni a bá lábà ni baba. Ẹni tí kò bá lè gba àtúnṣe lọ́wọ́ ọmọ yẹn, kò sí ọ̀nà tí yóò gbà hun ẹtù tàbí sányán tí ẹnikẹ́ni óò fi owó gidi rà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé bí a bá ti dìde nídìí òfì, ọmọ kékeré náà ni yóò lọ bu omi mímu wá fún onírùngbọ̀n, tí yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Kò sí ẹni tó ń sọ fún wọn ní àkókò tí ọ̀kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n fúnra wọn.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá:

Mo padà dé, mo sì dúpẹ́ púpọ̀. Mo ṣe bí Olùkọ́ ti wí. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti àbúrò mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì bi í bí iṣẹ́ náà ti rí lára rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní lọ́jọ́ kan, ẹni tí àwọn jọ wà ní pólì wá gba aṣọ, òun sì ti ń dọ́gbọ́n fi ara pamọ́ sẹ́yìn àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́, ni ọmọ iṣẹ́ àgbà bá pariwo pé, "Ìwọ, wá gbá abẹ́ máṣíìnì yìí." Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́, ojú yín ríran.

Ó ti ń kí ìyá ẹlẹ́wà báyìí. Ìyá náà kọ́kọ́ fura sí i, ó ní kí ló dé tí ó ń kí òun, bóyá ó fẹ́ ra àwìn ni. Ní ti orúkọ tí Ìyàwó Ilé sọ, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fi í ṣe, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kejì ó wá bi mí bóyá "Ọlọ́nà" kò ti pọ̀ jù. Ó ní bí ọmọ náà ṣe ń rán ọrùn aṣọ, tí kò sí ibi tó ti ká, kò sí ẹlòmíràn tó ń rán an bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. N kò gbọ́ ọ rí kí ó yin ọmọ náà.

Ohun méjì ló kù tó ń dà mí láàmú. Kò tíì gbà láti sọ "ẹ". Èkejì ni ọ̀rọ̀ aṣọ tó pariwo rẹ̀ sí etí oníbàárà. Ó ti gbà pé òun yóò bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n èmi gan-an kò mọ bí a óò ṣe gbé e kalẹ̀: ṣé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni a óò kọ́kọ́ lọ ni, àbí ọ̀dọ̀ ọmọ náà?

Ọ̀dọ́ Télọ̀ Òṣogbo:

Lórí "ẹ", ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́, nítorí àwa náà ní irú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń sọ "ẹ" fún ara wọn. Ọmọ iṣẹ́ àgbà ń sọ ọ́ nítorí ọjọ́ orí, èyí tó dé kẹ́yìn ń sọ ọ́ nítorí ipò. Oníbàárà tó bá wọlé kò lè mọ ẹni tó ga jù nínú wọn, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dín kù lára rẹ̀. Ọ̀gá wa ló dá a sílẹ̀, ọ̀gá ló sì yẹ kí ó dá a sílẹ̀, nítorí bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, èkejì lè rò pé ẹ̀gàn ni.

Ìyá Aláṣọ Gbági:

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ẹ óò kọ́kọ́ lọ, nítorí abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má lọ bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú àgbà kan dání tí kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ má mú aláròyé. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ẹtì tàbí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí àwọn tó ní òde ń wá gba aṣọ, tí orí ọ̀gá sì ti gbóná. Ẹ má gbé owó lọ. Owó yóò sọ ọ́ di ìtanràn, wọn a sì máa retí rẹ̀ nígbà mìíràn.

Ìyàwó Ilé Abẹ́òkúta:

Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ọ̀dọ̀ ọ̀gá nìkan kò tó. Ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kan ọmọ náà lábùkù, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn náà ni ó yẹ kí ó ti bẹ̀ ẹ́. N kò sọ pé kí ẹ lọ wá oníbàárà náà jáde, àmọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Kí ó sọ ohun tó ṣe gan-an, pé òun pariwo àṣìṣe rẹ̀ níwájú oníbàárà, pé kò yẹ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó má bínú. Kí ó dúró síbẹ̀. Kí ó má tún máa sọ pé lóòótọ́ ni aṣọ ọ̀hún kúrú. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó kúrú. Bí "ṣùgbọ́n" bá ti wọ inú ẹ̀bẹ̀, ẹjọ́ ló dà.

Ọmọ Òde Òní:

Mo gba ti "ẹ" tọ̀túntòsì yẹn, ó bọ́gbọ́n mu. Ohun tó kù tí n kò tíì gbọ́ ni ẹni tí yóò bá ọmọ iṣẹ́ àgbà náà sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe pariwo "Ìwọ, wá gbálẹ̀" sí ẹni tó jù ú lọ, lójú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò dára rárá. Tàbí ẹni tó kẹ́yìn nìkan ni a ń kọ́ ní ìwà?

Olùkọ́ Tó Fẹ̀yìntì:

Ìbéèrè gidi ni, òótọ́ sì ni ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀gá ló ni ìyẹn láti ṣe, kì í ṣe ẹbí. Kí Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá rọra sọ fún un lórí fóònù bí ọjọ́ náà ti rí, kí ó sì fi í sílẹ̀ fún un, nítorí ọ̀gá tó mọṣẹ́ yóò pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn bá a wí. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ gbé ẹ̀sùn ọmọ náà lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá:

Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo sọ nípa ọjọ́ tí ọmọ pólì yẹn wá, ó ní òun kò mọ̀, òun yóò sì bá ọmọ òun sọ̀rọ̀. Ó ní kí a wá ní alẹ́ ọjọ́ Ajé lẹ́yìn iṣẹ́, òun yóò ní kí gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ dúró. Àbúrò ìyá wa ọkùnrin ni yóò bá wa lọ, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ "ẹ" tọ̀túntòsì náà, ọ̀gá ní òun yóò kéde rẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ara òun ló ti wá.

Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn rèé. Ọmọ iṣẹ́ àgbà náà mọ nọ́ńbà orí téèpù dáadáa, ṣùgbọ́n kì í lè kọ orúkọ oníbàárà, àmì ló máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n wọn. Àbúrò mi ti ra ìwé kékeré kan, ó ti fa ìlà sí i, ó sì kọ èjìká, àyà, apá, ìbàdí, itan àti gígùn sí orí ojú ewé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà ńlá ńlá, ó wá fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ. Ó ní òun fẹ́ mú un lọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ ẹ̀bẹ̀, kí òun sì sọ pé òun yóò máa kọ́ ọ ní ìwé kíkọ. Ṣé kí n jẹ́ kí ó mú un lọ?

Ìyá Aláṣọ Gbági:

Ọmọ náà ti ń dàgbà o. Ẹ jẹ́ kí ó mú un lọ.

Olùkọ́ Tó Fẹ̀yìntì:

Ìyá, ẹ foríjì mí, n kò fara mọ́ ọn. Inú rere ló bá wá, mo sì yọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kí ó fi ìwé náà sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ Ajé. Bí ó bá mú un jáde níwájú gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́, ohun tí wọn yóò gbọ́ ni pé ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ mọ̀wé, ẹni tí wọ́n wá bẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ oníbàárà ni yóò tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rín músẹ́ nìkan ni yóò yàtọ̀. Kí ó bẹ̀bẹ̀, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa béèrè ìbéèrè rẹ̀ lójoojúmọ́ bó ti ń ṣe é. Kí ó máa fi ìwé náà kọ ìwọ̀n àwọn aṣọ tó bá kàn án, kí ó sì máa gbé e sórí tábìlì níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i. Bí ọmọ náà bá gbé e wò, tó sì béèrè pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, nígbà náà ni kí ó kà á fún un, lóhùn kékeré, nígbà tí ẹlòmíràn kò bá sí nítòsí.